Ọmọlangidi Herero tí mo rà ní Windhoek: aṣọ ọrùn ẹ̀ lẹ ń sanwó fún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí owó torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Ọmọlangidi Herero tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, N$250 ni mo rà á, lọ́wọ́ màmá tó rán an gan-an, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí létí títì láàárín ìlú Windhoek ní Namíbíà. Ẹ̀yà kan ní Namíbíà níbí ni àwọn Herero. Dọ́là Namíbíà àti rand ti Gúúsù Áfíríkà, iye kan náà ni wọ́n láti 1993, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Joburg ẹ ti mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn kan máa ní ọmọlangidi aṣọ lásán, kí ló dé tó fi gbówó lórí tó yẹn. Kò wọ́n rárá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ká sọ òótọ́, ara ọmọlangidi yẹn fúnra ẹ̀ ò ní nǹkan bàbàrà. Aṣọ dúdú ni wọ́n rán bí àpò kékeré, wọ́n ki ègékù aṣọ àti òwú sínú ẹ̀ títí tó fi le, wọ́n fi òwú funfun gán ojú, wọ́n fi pupa gán ẹnu, ó parí. Kò lẹ́sẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ kàn rí rìbìtì kó lè dúró ni. Tó bá jẹ́ èyí tó ń ṣẹ́jú, tó ní irun tí ọmọ lè máa dì kó máa tú lẹ̀ ń wá, ẹ má wulẹ̀ yọ owó. Aṣọ ọrùn ẹ̀ lẹ ń rà. Aṣọ gidi sì ni, kì í ṣe pé wọ́n fi àkísà wé e lára kó ṣáà ti bo ìhòòhò. Irú aṣọ tí màmá yẹn wọ̀ sọ́rùn lọ́jọ́ tí mo bá wọn níbẹ̀ náà ni wọ́n rán fún ọmọlangidi, gbogbo ẹ̀ pátá, kò sí ibi tí wọ́n fò nítorí pé ó kéré.

Ẹ bá mi dojú ẹ̀ dé ká wo abẹ́ ẹ̀. Ṣìmí mẹ́ta ló wà nínú aṣọ ọmọlangidi tí ò ju ìgbọ̀nwọ́ mi sí ọrùn ọwọ́ lọ! Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ aṣọ funfun líle tó ń mú kí gbogbo ẹ̀ fẹ̀, èkejì jẹ́ aṣọ olódòdó tó ti ṣá díẹ̀, ó jọ pé ara aṣọ àgbà kan ni wọ́n ti gé e, ẹ̀kẹta ní léèsì tín-ín-rín létí, ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa rí léèsì yẹn àfi ẹni tó bá gbé ọmọlangidi sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ṣẹ́ ní ìṣẹ́tí, wọ́n sì fi máṣíìnì tẹ̀ ẹ́. Mo dé ọ̀dọ̀ tẹ́lọ̀ tó ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ mi rí tí ò ṣẹ́ ìṣẹ́tí ṣìmí mi dáadáa, ó ní abẹ́ aṣọ ló wà, ta ló fẹ́ wò ó.

Aṣọ òkè wá ni kókó ọ̀rọ̀. Ọrùn ẹ̀ ga, ó fún mọ́ àyà, apá ẹ̀ wú bámúbámú ní èjìká kó tó wá fún lọ sí ọrùn ọwọ́, wọ́n sì fi bọ́tìnnì kékeré méjì síwájú. Ibi tí wọ́n ti kó aṣọ pọ̀ kì í ṣe ìbàdí bíi tiwa, abẹ́ ọyàn ni, látibẹ̀ ló ti ṣí gbàgà lọ sílẹ̀. Aṣọ yìí lára àgbàlagbà lè gba mítà 10 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ọ̀pọ̀ ìtẹ́ tó wà nínú ẹ̀, obìnrin tó bá wọ̀ ọ́ ò lè sáré, ìrìn ẹ̀ á máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi ti màlúù tó yó, ohun tí wọ́n sì fẹ́ gan-an nìyẹn, torí iyì ni lọ́dọ̀ wọn kí obìnrin rìn bẹ́ẹ̀. Ní ti ọmọlangidi tèmi, mo fi ìka tọ gádà abẹ́ ọyàn yẹn yípo, ó dọ́gba láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí ibi tó kó jọ gègèrè kí ibòmíì wá pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá ti ránṣọ rí á mọ̀ pé ṣíṣe gádà sórí nǹkan kékeré le ju ti ńlá lọ, torí òwú kan tó bá fa jù, gbogbo ẹ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Wọ́n tún dá aṣọ ìborùn sí i léjìká, aṣọ kan náà pẹ̀lú ti ara ẹ̀.

Orí ló kù. Otjikaiva ni wọ́n ń pe ìwérí yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí i nínú fọ́tò ẹ máa rò pé gèlè ni, èmi náà kọ́kọ́ wò ó bí gèlè, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì nà jáde gbọọrọ sí ọ̀tún àti òsì. Ìwo màlúù ni. Àwọn Herero, darandaran ni wọ́n láti ìṣẹ̀dálẹ̀, màlúù ni ọrọ̀, òun ni ọlá, òun ni wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó, òun ni wọ́n fi ń sin òkú àgbà, ìyá ilé á sì gbé ìwo ẹ̀ sórí. Ti àgbàlagbà, wọ́n máa ń ká ìwé ìròyìn tàbí aṣọ gbọọrọ kó lè le, kí wọ́n tó wá fi aṣọ tó bá ti ara mu wé e lórí. Ti ọmọlangidi tèmi, páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú ẹ̀, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mo gbọ́ ọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ibi tẹ́ ẹ ti máa mọ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn o. Ẹ wo ìwo. Ó gbọ́dọ̀ nà, kó dọ́gba, kó má wọ́ sílẹ̀ bí etí ajá. Mo rí àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń tajà fún àwọn àlejò tó wá ṣèbẹ̀wò, owó ibẹ̀ ti lé ní ìlọ́po méjì èyí tí mo san, ìwo wọn rọ̀ jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀, mo gbé ọ̀kan sókè mo wo abẹ́ ẹ̀, kò sí ṣìmí kankan, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ìṣẹ́tí ẹ̀ mọ́ra, gọ́ọ̀mù yẹn ti gbẹ ó ti di pupa rúsúrúsú lára aṣọ. Inú bí mi. Mo bi ọmọ tó ń tà á pé ta ló ṣe é, ó ní òun ò mọ̀, ó ṣáà ní Herero ni. Mo gbé e padà sórí káńtà.

Ìdí tí inú fi bí mi ni pé aṣọ yìí nítàn, ìtàn ẹ̀ sì wúwo. Ká tó rí òyìnbó níbẹ̀, awọ ni àwọn obìnrin Herero ń wọ̀, ìwérí awọ tiwọn sì ní ṣóńṣó mẹ́ta, ekori lorúkọ ẹ̀. Láti nǹkan bíi 1840 sí 1850 ni àwọn míṣọ́nnárì Jámánì ti Rhenish Mission wọlé, Carl Hugo Hahn wà lára àwọn àkọ́kọ́, àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì wọ̀nyí ló ń kọ́ àwọn obìnrin ní abẹ́rẹ́ àti òwú, tí wọ́n ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n wọ irú aṣọ ọlọ́rùn gíga, alápá gígùn tí obìnrin Yúróòpù ń wọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹ ò rí i pé a mọ irú ìtàn yẹn nílé wa náà, àwọn ìyá ìyá wa ní Abẹ́òkúta wọ gáùn míṣọ́nnárì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá di 1884, Jámánì sọ ilẹ̀ náà di tiẹ̀. Ní oṣù kìíní 1904 àwọn Herero dìde, Samuel Maharero ló ṣíwájú wọn, ogun náà wá gbóná ní òkè Waterberg ní oṣù kẹjọ, àwọn Jámánì lé tọkùnrin tobìnrin tọmọdé wọ aṣálẹ̀ Omaheke níbi tí ò sí omi, Lothar von Trotha tó jẹ́ ọ̀gágun wọn sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 1904 pé Herero èyíkéyìí tí wọ́n bá rí nínú ilẹ̀ náà, pípa ni. Àwọn tó yè é, wọ́n kó wọn sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Àwọn òpìtàn ṣírò ẹ̀ pé ó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo Herero tó kú láàárín 1904 sí 1908. Lọ́dún 2021 ni ìjọba Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà ní gbangba pé ìpẹ̀yàrun ni.

Mo bi màmá tó rán an léèrè, torí ó ń dùn mí láyà. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, aṣọ àwọn tó pa yín, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń wọ̀ ọ́?" Wọn ò bínú. Wọ́n ń yí máṣíìnì wọn lọ, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí yẹn, wọ́n ní ṣé mo ti rí obìnrin Jámánì tó gbé ìwo màlúù sórí rí? Mo ní rárá. Wọ́n ní ṣẹ́ ẹ ti rí i, tiwa ni. Wọ́n ní ìyá ìyá àwọn tó sá dé Botswana lẹ́sẹ̀, aṣọ yìí náà ni wọ́n ń rán níbẹ̀, àti pé tí Herero tó wà ní Maun bá pàdé Herero tó wà ní Windhoek lónìí, orí ni wọ́n á ti kọ́kọ́ mọ ara wọn. Òótọ́ ni, àwọn Herero wà ní Botswana títí dòní, ní agbègbè Maun, àwọn obìnrin ibẹ̀ náà ń ṣe ọmọlangidi yìí.

Àwọ̀ tẹ́ ẹ bá yàn náà ní ohun tó ń sọ. Èyí tí mo rà, pupa àti dúdú ni. Pupa ni àwọ̀ àwọn tó ń lọ sí ìlú Okahandja ní oṣù kẹjọ, níbi tí wọ́n gbé òkú Samuel Maharero wá sin sí lọ́dún 1923 lẹ́yìn tó kú sí ìgbèkùn, ọdọọdún ni wọ́n ń péjọ síbẹ̀, àwọn ọkùnrin á wọ yunifọ́ọ̀mù ológun, àwọn obìnrin á wọ pupa, wọ́n á tò lọ síbi ibojì. Àwọn Mbanderu, ẹ̀ka kan lára àwọn Herero, ló ni àwọ̀ ewé, àwọn tó ń lọ sí ìlú Omaruru ló ni funfun. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọlangidi ló ń tẹ̀ lé ìyẹn, ọ̀pọ̀ jẹ́ aṣọ olódòdó, alálà, onígun mẹ́rin mẹ́rin, ohun tó bá ṣẹ́kù lára aṣọ tí wọ́n rán fún èèyàn. Màmá ní aṣọ tí àwọn bá rán fún oníbàárà, ìyókù ẹ̀ ni ọmọlangidi máa wọ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ọmọlangidi aláwọ̀ kan, obìnrin kan wà níbì kan nínú ìlú tó ń wọ aṣọ yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an ni, aṣọ ẹbí ni wọ́n jọ dá!

Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn náà. Àwọ̀ pupa yẹn ń jáde tí omi bá kàn án, ọmọ mi fi ọwọ́ tútù gbá a mú, pupa ti wà lára ṣìmí funfun kí n tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òwú ṣẹ́kù lábẹ́ apá, wọn ò gé e, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e fúnra mi. Bọ́tìnnì tó wà níwájú kò ṣí, wọ́n kàn rán an mọ́ ọn fún ẹ̀ṣọ́ ni, ìyẹn ni pé aṣọ yẹn ò ṣeé bọ́ lọ́rùn ọmọlangidi láìtú u. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn kí wọ́n máa pààrọ̀ aṣọ ọmọlangidi, èyí á dùn wọ́n. Páálí inú ìwo náà, tó bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í nà padà dáadáa mọ́. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún mo fún un ní mẹ́rin ààbọ̀, àwọ̀ tó ń jáde yẹn ló jẹ ààbọ̀.

Ó wá ku èyí tó mú mi kọ gbogbo eléyìí. Mo ní ankara tó ṣẹ́kù lára aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò mi, mo kó o lọ bá màmá, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi bá mi rán ọmọlangidi kan. Wọ́n gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ra á wò, wọ́n ní aṣọ yìí dáa, ó le, á dúró, àmọ́ òdòdó ẹ̀ tóbi jù fún nǹkan kékeré. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe tò ó. Wọn ò gé e bó ṣe wà, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n yí i síbí wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wá gé e débi pé òdòdó kan ṣoṣo bọ́ sí àárín àyà, àwọn ewé ẹ̀ sì wá sí ìṣẹ́tí yípo, bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ankara ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọlangidi ló máa wọ̀ ọ́. Mo wá ní kí wọ́n má ṣe ìwo sí tèmi, kí wọ́n bá mi fi gèlè wé e lórí, mo tiẹ̀ yọ fóònù mo fi fọ́tò gèlè hàn wọ́n. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n yìn ín, wọ́n ní ó rẹwà. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣe é. Wọ́n ní aṣọ lè wá láti ibikíbi, ìgbà wo gan-an ni aṣọ àwọn ò ti ibòmíì wá rí, àmọ́ ọmọ tó bá ti ọwọ́ àwọn jáde, orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Herero, tí mo bá fẹ́ gèlè kí n lọ bá ẹni tó ń wé gèlè. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn lọ́kàn mi. Oníbàárà ni mí, mo gbé owó àti aṣọ wá, wọ́n sì sọ fún mi ní tààrà pé ibí yìí ò ṣeé rà.

N$300 ni wọ́n gbà fún ìyẹn torí ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n wa báyìí, ankara Yorùbá, ìwo Herero, àlejò tó bá ti wọlé ló máa béèrè ẹ̀.

Ó sì ń ṣe mí bíi kí ẹnì kan nílé ṣe irú ẹ̀ fún wa. A ní Queens of Africa tí Taofick Okoya dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2007, Wúràọlá ló dúró fún Yorùbá níbẹ̀, Nneka fún Ìgbò, Azeezah fún Haúsá, iṣẹ́ ńlá ni, mo ti rà á fún ọmọ mi rí, inú ẹ̀ dùn. Àmọ́ ohun tí mò ń rò ni ìyá kan ní Ìṣẹ́yìn tó máa mú ègékù aṣọ òkè tó ṣẹ́kù létí òfì, kó fi dá ìró fún ọmọlangidi, kí ìró yẹn ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lábẹ́, kí bùbá ẹ̀ ní ọrùn tó yẹ, kí ìpèlé wà, kí gèlè ẹ̀ jẹ́ wíwé kì í ṣe lílẹ̀. Àwọn tẹ́lọ̀ wa ń da ègékù aṣọ dànù lójoojúmọ́, àpò àpò. Aṣọ tí wọ́n fi ń dí ihò fèrèsé yẹn, owó ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ níbí, ẹ máa rí àwọn màmá yìí láàárín ìlú Windhoek, Namibia Craft Centre tó wà níbẹ̀ náà ń ta iṣẹ́ ọwọ́, tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sápá àríwá-ìwọ̀-oòrùn, ní Damaraland, àwọn obìnrin Herero máa ń to ọmọlangidi sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn náà á wọ aṣọ wọn lábẹ́ oòrùn yẹn, ẹ ò lè ṣì wọ́n mọ̀. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó béèrè iye, ẹ sọ pé "Moro", ẹ máa rí bí ojú wọn ṣe máa tú ká. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò wọn, ẹ tọrọ àyè, ẹ má kàn na fóònù sí àgbàlagbà lójú. Ẹ lè ná an díẹ̀, àmọ́ ẹ má ná an bí ẹ ṣe ń ná aṣọ lọ́jà Balógun o, ẹ ro iṣẹ́ tó wà lábẹ́ yẹn.

Ẹ má fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, bọ́tìnnì yẹn kéré, ó lè wọ̀ ọ́ lọ́fun, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fọwọ́ wá inú aṣọ ẹ̀ wò torí mo bá píìnì kan nínú èyí tí ọ̀rẹ́ mi rà. Ẹ má fọ̀ ọ́ nínú máṣíìnì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o wọ bàálù, ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ sábẹ́ ṣìmí ẹ̀ kó má baà rún, kẹ́ ẹ fi àwọn ìwo yẹn sínú fìlà líle kan, kẹ́ ẹ gbé e dání, ẹ má kó o sínú báàgì tí wọ́n máa jù sábẹ́. Èyí tí mo rán sí ìyá mi ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di í, ó dé láìtẹ̀, wọ́n ti ní kí n bá àwọn ra aláwọ̀ ewé sí i, mo sì ti sanwó àsansílẹ̀ fún màmá.